Ẹ́ńjìnnì Tuntun Lójú Ọ̀nà Àgbádárìgì

Ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú palẹ̀ tí ó sì tún tò kò tíì gbó lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ dún, nítorí pé ríìngì, èyíinì ni òrùka irin tí ó yí písítìnì ká, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha ara rẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà kí èéfín iná má baà máa gba ẹ̀gbẹ́ jò. Fún nǹkan bí 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, eré rẹ̀ ní láti máa lọ sókè sódò, ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ wúwo, kò sì gbọdọ̀ máa dún lórí ìdúró pẹ́ títí, torí ògiri náà á dán kọrọ, ríìngì kò sì ní rí ibi tí yóò di mú.

Bí ó bá wá jẹ́ dánfó tí ń ná Òkòkòmáíkò sí Máìlì 2 ni, ìlànà yìí di àdúrà lásán. Ní Alábà Rágò, níbi tí àgbò àti ọmọlàńkẹ́ ti ń bá ọkọ̀ du títì, ẹ́ńjìnnì á máa dún lójú kan, èrò á jókòó mẹ́rin-mẹ́rin, olówó ọkọ̀ á sì máa retí owó alẹ́. Eré tí ń lọ sókè sódò nìkan ni awakọ̀ ń pa mọ́, àwọn kòtò ni wọ́n sì ń bá a ṣe é. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Máìlì 2 lọ́dún 2023, tí wọ́n sì ṣètò pé yóò dé Òkòkòmáíkò, iná mànàmáná ní tirẹ̀ ni ó ń lò, kò sì ní ríìngì tí ẹnikẹ́ni ń bẹ̀.