Ọmọ Odó Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Kò Ru

Ahun kọ́ ni mí o. Ẹni tó bá sọ pé torí owó pọ́ọ́kú ni mo ṣe ń kó sí wàhálà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irọ́ ló pa mọ́ mi. Òǹkà ni àìsàn tèmi. Bí wọ́n bá kọ 5,000 sára ọjà kan, tí wọ́n kọ 50,000 sára èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí èkejì yìí tún wá dín lówó, ọwọ́ mi á ti tẹ "Rà á báyìí" kí ọpọlọ mi tó béèrè ohun tí 50,000 náà jẹ́. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kò rí ojú mi rí, wọn ò wọ ilé mi rí, àmọ́ wọ́n mọ ibi tó ń yún mi.

Power bank ló ṣáájú. Ọdún 2023 ni, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, tí náírà náà sì já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà. Orí jẹnẹrétọ̀ wa ni ológbò aládùúgbò wá ń sùn sí. Mo ní kí n wá nǹkan tí a ó máa fi ṣájì fóònù nígbà tí iná bá lọ. Bí mo ṣe rí 50,000 mAh nìyẹn, ní owó tí kò lè ra ìdajì kẹ́ẹ̀gì epo.

Nígbà tí ọmọ tó ń fi ọ̀kadà kó ẹrù gbé e dé, ó fúyẹ́. Ìyàwó mi gbé e sọ́wọ́, ó wò mí. "Bàbá Tóyọ̀sí, ṣé wọ́n rántí fi nǹkan sínú ẹ̀ báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bí ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò ń fúyẹ́ sí i. Ó ṣájì fóònù mi kún lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e dé ìdajì, ó dákẹ́.

Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀tígbà, nínú Computer Village ní Ìkẹjà. Kò tíì tú u tó fi ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé e sí mi létí, ó mì í: ṣákáṣáká. Ó là á. Bátìrì roboto kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àti ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n di yanrìn sí, tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ mọ́ inú ike rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ó ní, "18650 ni wọ́n ń pe bátìrì yìí. Ìbú rẹ̀ mìlímítà 18, gígùn rẹ̀ 65. Èyí tó dáa jù nínú ẹ̀, agbára káká ló fi ń kọjá 3,500 mAh, ó sì máa ń tó gíráàmù 45 sí 50. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: mélòó lẹ máa tò pọ̀ kó tó di 50,000?"

Mo ṣírò rẹ̀. Ó lé ní mẹ́rìnlá. Ìwọ̀n wọn á lé ní gíráàmù 600, láìtíì ka ike àti wáyà. Tèmi, tòun ti yanrìn inú ẹ̀, kò tó 200. Ọmọkùnrin náà wá béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní òwò ni. Ẹ dárí jì mí. Ìṣirò ni mo fi ń jẹun, mò ń kọ́ ọ ní ilé ìwé girama, SS2 àti SS3.

Ìṣirò kan tún wà tí mo ṣe nígbà tí mo délé, òun ló dùn mí jù. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í jẹ́ kí èrò gbé bátìrì tó ju 100 Wh wọlé láìgba àṣẹ. Tó bá ti ju 160 lọ, kò sí àṣẹ tí ẹ fẹ́ gbà. Ẹ wá sọ 50,000 mAh yẹn di ìlọ́po fóltì 3.7, 185 Wh ló jẹ́. Ìyẹn ni pé bí mo bá gbé yanrìn mi dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ mi torí agbára tí kò ní.

Ti fáàn tí mo rà tẹ̀lé e kò gùn. Nínú àwòrán, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ga, ó ń dán. Ó dé nínú láílọ́ọ̀nù kékeré. Wọ́n kọ 18 síbẹ̀ lóòótọ́. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi pè é ní ínǹṣì. Sẹ̀ńtímítà ni. Tóyọ̀sí ló ń fi í fẹ́ ìrẹsì gbígbóná báyìí, kò sì burú nídìí iṣẹ́ yẹn.

Orí flash ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde kúrò nínú ilé mi, tó wọ inú ẹbí. Èmi ni akọ̀wé ẹbí wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ya fọ́tò tàbí fídíò níbi ìnáwó, ọ̀dọ̀ mi ló ń fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tí Màámi pé ọdún 75 ní Ìkìrè, a gba oníkámẹ́rà, a gba onílù, Màámi sì jó ijó kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń sọ. Fídíò ọjọ́ náà kún kọ̀ǹpútà mi dé ẹnu. Mo wá ra flash 2TB kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ní owó àgbébọ̀ adìyẹ kan. Mo kó gbogbo rẹ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà fi 2TB hàn mí kedere. Orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe tóbi tó wà níbẹ̀. Mo wá ṣe bí ọlọ́gbọ́n, mo pa èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè gbà mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ náà ṣe rí, torí ó yà mí lẹ́nu gan-an. Nínú flash kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tíńtín kan wà tó ń ṣe agbọ̀rọ̀sọ láàárín kọ̀ǹpútà àti ibi tí nǹkan ń wọ̀ sí. Agbọ̀rọ̀sọ yìí ni wọ́n kọ́ ní irọ́. Wọ́n ní bí kọ̀ǹpútà bá bi ọ́ bí yàrá ṣe tó, sọ pé 2TB, bẹ́ẹ̀ 32GB péré ni. Ẹ máa kó ẹrù bọ̀, á máa ní ó ti wọlé. Bí 32 bá ti kún, àwọn flash mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Tèmi kàn ń da ẹrù nù ni, àmọ́ kò yọ orúkọ ẹyọ kan kúrò nínú ìwé. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw, ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà c't ti Jámánì ló gbé e jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó kọ nǹkan kún flash dé ẹnu, kó wá kà á padà wò bóyá ó ṣì wà. Mo lò ó. Ìgbà tí mo ti Ìkìrè dé ni mo lò ó.

Ní Ìkìrè, ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni. Ẹbí pé sí pálọ̀ Màámi, wọ́n ti pín ẹran, mo so flash mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Fídíò àkọ́kọ́ ṣí. Wọ́n ń so kánópì. A wò ó. Ẹnì kan ń sọ "one two, one two" sínú máìkì. A wò ó. Wọ́n ń to àga onírọ́bà, wọ́n tún ń tún un tò. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Màámi tó ti lé ní 80 ọdún, fi sùúrù wo gbogbo rẹ̀, ó wá ní, "Ọmọ yìí, àwọn tó ń so kánópì yìí, ṣé mọ̀lẹ́bí wa ni wọ́n?" Mo tẹ fídíò kejì: kò ṣí. Ẹ̀kẹta: kò ṣí. Ti ijó Màámi, orúkọ rẹ̀ wà, títóbi rẹ̀ wà, ijó kò sí. Títí dòní, ohun tí ẹbí wa fi ń rántí ọdún 75 yẹn ni àwọn tó wá so kánópì. Wọ́n so ó dáadáa.

Torí kí inú Màámi lè yọ́ ni mo ṣe ra agogo. Ẹ ò rí i pé ìwà òmùgọ̀ mi ní ìdí. Agogo ọwọ́ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tó ń ka ìgbésẹ̀, tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, tó tún ń sọ bí èèyàn ṣe sùn. Gbogbo òǹkà yẹn lójú kan! Ìràwọ̀ 4.8 ló wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó sì fún un ní ìràwọ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Káàdì kékeré kan wà nínú páálí: ẹ fún wa ní ìràwọ̀ márùn-ún, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ ó rí ẹ̀bùn gbà. Mo fún wọn kí n tó tan agogo. Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ojúlówó ọjà. Màmá mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo mọ ohun tó péye." Màámi wà ní Ìkìrè nígbà yẹn, kò tíì mọ̀ pé mo ra nǹkan kan. Ẹ̀bùn náà ni ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú agogo. Kò bá ojú agogo náà mu.

Màámi padà fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, òun ni kò jẹ́ kí n lè pe ara mi ní onírọ́ pọ́ńbélé. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọn àwọn ìyá ìjọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìsìn. Ara gbogbo wọn le. Ó wọn ìyàwó pásítọ̀. Ó wọn obìnrin tó ń ta dòdò Ìkìrè lẹ́bàá títì. 118/76, 121/79, 117/75: gbogbo Ìkìrè pátá, kò sí ẹlẹ́jẹ̀ ríru kan níbẹ̀. Bí mo bá pè é lórí fóònù, òǹkà ló fi ń dá mi lóhùn, inú mi á sì máa dùn torí èdè mi ló ń sọ yẹn.

Ohun tí kò sọ fún mi ni pé òun ti ń fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun. Kí lèèyàn fẹ́ fi amlodipine ṣe nígbà tí agogo ní kò sí nǹkan kan? Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ló ká a mọ́, ọjọ́ tí Màámi lọ gba oògùn ẹsẹ̀ ríro. Ó fi èyí tí wọ́n ń dì mọ́ apá wọ̀n ọ́n: 176/102. Màámi ní kó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n, kò yí padà. Màámi na ọwọ́ agogo sí i, ó ní, "Ọmọ mi ló rà á fún mi láti Èkó. Tìrẹ yìí ti gbó." Nọ́ọ̀sì pè mí. N kò ní sọ ohun tó bá mi sọ. Ó ń pè mí ní "sà" léraléra, àmọ́ irú "sà" tí àwọn ọmọ SS3 máa ń pè mí bí mo bá ṣi ìṣirò ṣe lójú pátákó.

Mo dé Ìkìrè lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, àlàyé kò ràn án. Mo ní iná àwọ̀ ewé tó ń tàn lábẹ́ agogo yìí, ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá lábẹ́ awọ ló ń yẹ̀ wò, ó lè fi ka bí ọkàn ṣe ń lù dé àyè kan. Àmọ́ láti mọ agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó rẹ̀, ohun tó ń fún apá pọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Agogo tó bá tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀, irú ohun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Mo ní ti ṣúgà gan-an, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024 pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí agogo tàbí òrùka kankan tó ń dá wọn ṣúgà láìgún ara. Màámi ní, "Amẹ́ríkà nìyẹn."

Mo bọ́ agogo lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ọmọ odó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, iyán kò tíì gbẹ tán lórí rẹ̀. Mo de agogo mọ́ ọn níbi tó tín-ín-rín, níbi tí ọwọ́ máa ń dì mú. Iná àwọ̀ ewé tàn. Ó yí, ó yí. 119/77. Ṣúgà, 5.2. Ọkàn ọmọ odó ń lù ní 72 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kẹ́kẹ́ pa. Màámi wo ọmọ odó, ó wo agogo, ó tún wo ọmọ odó. "Igi líle ni," ó ní. "Látọjọ́ tó ti ń gún iyán fún mi, kò ṣàìsàn rí."

Ó gbé oògùn rẹ̀ mì ṣá, lójú mi.

Nígbà tí mo padà dé Èkó, mo sọ ìràwọ̀ márùn-ún di ẹyọ kan. Kò pẹ́ rárá tí ọlọ́jà fi kọ̀wé sí mi, ó ń pè mí ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọ̀wọ́n, ó ní òun á dá ìdajì owó padà bí mo bá lè dá ìràwọ̀ padà. Òfin wà o, òfin ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Àmọ́ mo ti da páálí nù, gbèdéke tí ọlọ́jà fi sílẹ̀ ti kọjá, ẹlẹ́rìí tó sì le jù lòdì sí mi ni ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ. N kò gba ìdajì owó náà. Kí n má purọ́, mo rò ó di alẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá Kẹ́hìndé, aládùúgbò wa, na ọwọ́ sí mi láti inú mọ́tò rẹ̀. Agogo kan náà. "Tíṣà, orúkọ yín ni mo rí níbẹ̀! Mo ní bí Tíṣà bá ti lè sọ pé ó péye, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti lọ pátápátá." Mo wọ inú mọ́tò, mo jókòó tì í, mo ro ọ̀rọ̀ ọmọ odó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbà mí gbọ́, àfìgbà tó bọ́ agogo tó dè é mọ́ ọ̀pá jíà. Ẹ̀jẹ̀ mọ́tò náà dáa ju tèmi lọ. Láti ọjọ́ náà, "Ìràwọ̀ Márùn-ún" ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, àwọn ọmọ ilé ìwé mi sì ti gbọ́ ọ.

Mo wá fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí ilé ìtajà oògùn, mo ra èyí tí wọ́n ń dì mọ́ apá. Ó wọ́n ju agogo lọ fíìfíì, kò sì sí òǹkà kan lára páálí rẹ̀ tó wù mí. Mo gbé e dé Ìkìrè. Màámi ti ká apá bùbá sókè, mo ní kó ní sùúrù. Mo lọ gbé ọmọ odó wá, mo dì í mọ́ ọn, mo tẹ̀ ẹ́. Ó wú, ó fún igi pọ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Ó wá kọ "Err" sójú.

Mo fò sókè, mo pariwo, mo dì mọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ̀rọ tó lóun ò mọ̀! Màámi wá awò ojú rẹ̀, ó fi í sójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

"Ó ti bàjẹ́," ó ní. "Èyí tó wọ́n tó báyìí. Lọ dá a padà fún wọn, ọmọ mi, kí o bá mi gbé agogo mi wá. Òun ò kọ iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí."