Bíṣọ́ọ̀bù Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja

Ẹ fa àpótí sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lóòró. Ṣé ẹ mọ ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja, èyí tẹ́ ẹ máa ń pè ní ọ̀lẹ? Òun náà ló lọ ta ṣẹ́ẹ̀sì níbi ìdíje àwọn ọmọdé ní Lekki lọ́jọ́ Sátidé.

Mo tẹ̀ lé e. Kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe nílé? Láti Ajah dé Jakande, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ jẹ́ kí n gbọ́ ìjà tọkọtaya kan nínú dáńfó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyàwó ló jẹ̀bi, àmọ́ ìyẹn di ọ̀la.

Ọmọ ẹ̀sítéètì ni wọ́n mú kò ó. Ike omi ọmọ náà nìkan tó owó ẹja ọjọ́ kan! Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó tètè gba àárín pátákó. Tiwa ní tirẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́: ó ti ọmọ-ogun iwájú ẹṣin apá òsì sókè díẹ̀, ó fi bíṣọ́ọ̀bù lúgọ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní Bent Larsen ará Denmark bẹ̀rẹ̀ báyìí ní Belgrade lọ́dún 1970, Spassky alátakò rẹ̀ sì fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ láàárín ìrìn 17. Mo ní, Bàbá, ṣé Larsen ló bí eléyìí ni?

Àṣé ó wu ọmọ ẹ̀sítéètì. Òun náà fẹ́ lúgọ, ó bá ti ọmọ-ogun iwájú ẹṣin tó wà ní apá ọba sókè. Háà, ó ṣílẹ̀kùn! Bíṣọ́ọ̀bù wa gba ọ̀nà ìdábùú kọjá fẹ̀ẹ̀, ó jẹ ilé gogoro tó wà ní kọ̀rọ̀. Ọmọ náà fẹ́ dá ọmọ-ogun padà, adájọ́ ní rárá, èyí tó o bá ti rìn, o ti rìn ín. Ká ní lúdò àgbàlá wa ni, àga ì bá ti fò.

Bàbá ọ̀hún kò tíì dákẹ́ o. Ó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú ni Tunde Onakoya, tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, ti kọ́ ayò yìí, àti pé lọ́dún 2024 ó ta á fún wákàtí 60 ní Times Square, New York. Wákàtí 60! Mo bi í pé ìgbà wo ló wá ń lọ sílé ìyàgbẹ́. Ó bojú wò mí, ó sún sẹ́yìn.

Tiwa ló borí. Ìyá Ẹlẹ́ja tó fẹ́ fi pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ọmọ náà dáná lóṣù tó kọjá ti ń sọ lọ́jà Ajah pé òun lòún kọ́ ọ. Láti Sátidé náà ni ẹja rẹ̀ ti gbówó lórí.