N25,000 Kí Wọ́n Lè Sọ Fún Ọ Pé O Ti Rù

Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ájégúnlẹ̀, bí ẹnì kan bá pàdé ìyá mi tó ní, "Ìyá, ẹ ti rù o!", ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Ìyá mi á sáré lọ wo dígí, á sì padà wá bi bàbá mi pé ṣé owó oúnjẹ ló dín kù ni. Lónìí, gbólóhùn yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń san N25,000 fún. Ládùúgbò tí owó gàrí ti ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́!

Ọmọbìnrin tó ta tíì amúnirù fún mi ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, kò ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Kí oníbúrẹ́dì tó kiri dé, ó ti gbé fọ́tò méjì sórí WhatsApp: nínú ọ̀kan, obìnrin kan rí bí àgbá epo, nínú èkejì, obìnrin náà, tàbí àbúrò rẹ̀, ti rí bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré! Ẹ máa jẹ ẹ̀bà yín lọ!

Mo rà á. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ikùn mi ló máa ń kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì kí èmi tó tẹ̀ lé e.

Alẹ́ ni mo mu tíì náà. Láàárọ̀, mo wà láàárín tírélà méjì lọ́nà Apapa nígbà tí inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Láti 2021 ni wọ́n ti ní kí gbogbo tírélà máa gba àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ètò tí wọ́n ń pè ní Eto, kí wọ́n tó wọ èbúté. Inú tèmi kò gba àkókò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ewé sénà ló wà nínú tíì náà, wọ́n kọ ọ́ sára páálí pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré ju iná orí lọ. Sénà kì í yọ́ ọ̀rá. Ìfun ńlá ló ń gbọ̀n jìgìjìgì, bẹ́ẹ̀ ìfun kékeré ti fa agbára ẹ̀bà náà sára tipẹ́. Omi lẹ yà dànù. Ẹ mu omi tó pọ̀, kílò yín á padà wálé. Ìyá alágbo jẹ̀díjẹ̀dí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní owó táṣẹ́rẹ́, kò sì gbé fọ́tò àbúrò ẹnikẹ́ni wá.

Tíì tiẹ̀ sàn. Kápúsù ni kí ẹ bẹ̀rù. Ní 2010 ni Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lé oògùn amúnirù tó ń jẹ́ sibutramine kúrò lọ́jà nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, síbẹ̀ àwọn aláyẹ̀wò ṣì ń bá a nínú kápúsù tí wọ́n kọ "ewé àti egbò nìkan" sí lára.

Mo bi ọmọbìnrin tó ta tíì náà pé, "Nọ́ńbà NAFDAC ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ nàá, ẹ̀gbọ́n!"

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Bí ìgbà tí wọ́n bá fún ẹ ní ìwé ọkọ̀, tí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá ó ní ẹ́ńjìnnì.

A ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ nígbà tí ìpolówó mìíràn wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀: Apetamin, fún ẹni tó bá fẹ́ kí ìdí òun yọ. Oògùn ara yíyún ló wà nínú ìyẹn. Ó máa ń kunni lóorun, ó sì máa ń jẹ́ kí ebi pani.

"Àbúrò, ìwọ lò ń mú wa rù, ìwọ náà lo tún ń mú wa sanra?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá wá rù jù ńkọ́? Ṣé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lẹ fẹ́ kó lọ ni?"