Òfófó Tó Gbẹ́gbàá

Wọ́n ní òfófó kì í gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Mo gbọ́. Mo sì mọ ẹni tí ẹ ń fi òwe náà bá wí nínú agboolé yìí, torí ojú mi ni gbogbo yín máa ń wò bí ẹ bá pa á tán. Ó dáa. Ẹ fa àpótí yín súnmọ́bí, kí n sọ ti òyìnbó kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè nílẹ̀ Faransé fún yín. Geoff Thomas lorúkọ ẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ tán, kí ẹnì kan dìde kó tún sọ pé òfófó kì í mówó wálé.

Bàbá Tẹlọ ti ń na ọrùn: “Thomas ti Crystal Palace yẹn?”

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Àmọ́ òun náà ni. Òun ni kápútéènì Crystal Palace lọ́dún 1990, tí àwọn àti Manchester United du ife FA. Ọjọ́ àkọ́kọ́, 3-3. Wọ́n tún un gbá, United jẹ wọ́n ní 1-0. Ọmọ wa kan wà nínú ikọ̀ Palace yẹn o, John Salako, Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti bí i. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ béèrè agboolé tí wọ́n ti bí i. Ẹ fún mi láyè, mo ṣì ń wádìí ẹ̀.

Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀ẹ́n, Thomas. Lọ́dún 1992, England pè é pé kó wá bá wọn kojú Faransé ní Wembley. Ó sá bọ́ọ̀lù lọ títí ó fi ku òun àti gólì. Kó ta á wọlé kíá, ó lóun fẹ́ ṣe oge. Ó fẹsẹ̀ gbọ́n ọn sókè kó gba orí gólì kọjá. Háà! Bọ́ọ̀lù yà bàrá, ọ̀dọ̀ àsíá kọ́nà ló ń lọ. England ló sì borí lọ́jọ́ náà o, 2-0! Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wò ó bóyá wọ́n rántí gólì méjì yẹn. Èyí tí kò wọlé ni wọ́n ń rò fún ọmọ wọn títí dòní. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ayé rí, ẹ má sì dá mi lẹ́bi, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀.

Nígbà tó di 2003, ara ọkùnrin náà ò yá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ní Birmingham ni wọ́n ti tọ́jú ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charlie Craddock ló sì ṣe olórí ìtọ́jú náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀? Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́ tán, wọn a fi oògùn líle pa tàtijọ́ run, wọn a wá gba tuntun lára ẹlòmíràn gbìn ín. Kì í sì í ṣe lára ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ṣáà ti rí. Ó gbọ́dọ̀ bá ara yín mu. Nínú ọmọ ìyá mẹ́rin, ó lè jẹ́ ẹyọ kan ló máa bá yín mu, ó sì lè má sí rárá. Ti Thomas bọ́ sí i: ọmọ ìyá ẹ̀ obìnrin ló bá a mu, òun ló sì fún un lọ́dún 2004. Ẹ fi obìnrin yẹn sọ́kàn. Mò ń padà bọ̀ lórí ẹ̀.

Ara ẹ̀ yá. Ẹni tó bá jí dìde báyìí, ọpẹ́ ló yẹ kó ṣe, kó pa ìrẹsì, kó sinmi. Thomas ní rárá. Ó ti ka ìwé tí agùnkẹ̀kẹ́ Lance Armstrong kọ nípa bí òun náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, ó wá lóun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun máa gun gbogbo ọ̀nà ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ti 2005. Ìpele 21! Kìlómítà tó lé ní 3,500! Kì í ṣe pé wọ́n ń du ife o, owó tí wọn yóò fi ran àwọn tó ní irú àìsàn náà lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá. Àbí ẹ ò rí i, ilẹ̀ Faransé tó jẹ́ pé gólì wọn ló fẹ́ ta bọ́ọ̀lù lé lórí tí kò wọlé!

Ìyá Alákàrà ní, “Kí ló dé tí kò kàn tọrọ owó náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́?”

Ìyá, ẹ̀yin gan-an, ta lẹ máa ń fún? Ẹni tó bá jókòó nawọ́, ẹ ó ní kó lọ ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹ gbọ́ pé ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn ń làágùn lórí òkè nítorí ọmọ ọlọ́mọ, ọwọ́ yín á já lu gèlè níbi tí ẹ ń di owó sí kí ẹ tó mọ̀.

Àárẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í ṣe eré. Gbogbo wa la rí bí Ìyá Alákàrà ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́jọ́ tí a gun Òkè Olúmọ, ẹsẹ̀ la sì fi gùn ún. Lọ́dún 2005 yẹn, ọ̀nà ìdíje gba orí òkè Madeleine àti òkè Galibier lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Galibier nìkan ga ju 2,600 mítà lọ, yìnyín máa ń wà lórí ẹ̀ nígbà mìíràn tí oòrùn ń mú nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn agùnkẹ̀kẹ́ lọ sórí irú òkè gíga bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1910, Octave Lapize, ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní, sọ̀kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́, ó sì pe àwọn tó ṣètò ìdíje ní apànìyàn lójúkojú. Ọkùnrin yẹn ì bá bá mi gbé nílé kan.

Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹni tó wà níwájú ló ń bá wọn la atẹ́gùn, ara sì tu àwọn tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Wọn a máa gba iwájú fún ara wọn. Bí wọ́n bá ti dé ẹsẹ̀ òkè, ìrìn á falẹ̀, sísápamọ́ ò wúlò mọ́, ohun tó bá wà lẹ́sẹ̀ oníkálukú ló máa gbé e. Bí ẹ bá tún débi tó ga jù, ẹ má tíì dúpẹ́, torí ìsọ̀kalẹ̀ ń bọ̀: bíréèkì lọ́wọ́, ọ̀gbun lẹ́gbẹ̀ẹ́, òtútù láyà. Àwọn agùnkẹ̀kẹ́ àtijọ́ a máa ki ìwé ìròyìn bọ abẹ́ ẹ̀wù kí òtútù má bàa pa wọ́n. Ìyá Alákàrà, ẹ ò rí i pé kì í ṣe àkàrà nìkan ni wọ́n ń fi wé.

Èyí tó kàn, kí àwọn ọmọdé dití. Wọn kì í wọ pátá sábẹ́ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ yẹn! Ìpara ni wọ́n ń fi pa ìdí, kí ìjókòó má bàa bó wọn. Àgbàlagbà ọkùnrin! Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, Bàbá Tẹlọ ti ń wúkọ́.

Ó gùn ún dé Párìsì. BBC fún un ní àmì ẹ̀yẹ Helen Rollason lọ́dún yẹn gan-an. Àmọ́ 2015 ni òfófó gòkè. Ó tún kó ikọ̀ jọ, wọ́n ń gun ọ̀nà náà ní ọjọ́ kan ṣáájú àwọn tó ń dupò, mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ni wọ́n sì fẹ́ rí. Ta ló wá bá wọn gùn ún fún ọjọ́ méjì? Lance Armstrong! Ẹni tí wọ́n gba ipò kìn-ín-ní Tour de France méje lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún 2012 nítorí oògùn agbára, tó lọ jẹ́wọ́ fún Oprah lọ́dún 2013. Brian Cookson, tó jẹ́ olórí àjọ kẹ̀kẹ́ àgbáyé nígbà yẹn, bínú, ó ní ìwà àìlọ́wọ̀ ni. Ariwo ta! Wọ́n bú u, wọ́n gbè é lẹ́yìn. Àwọn tí kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ máa ń ní jẹjẹrẹ gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń tẹ́tí sí ìjà oníjà. Cure Leukaemia ni wọ́n ń wá owó náà fún, lára ohun tí àjọ náà sì ń fowó ṣe ni pé wọ́n ń gba nọ́ọ̀sì tó ń dúró ti àwọn tó ń gbìyànjú oògùn tuntun. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé òfófó gbẹ́gbàá àbí kò gbẹ́gbàá?

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni mo ní. Bọ́ọ̀lù tó yà bàrá, wọ́n sọ ọ́. Armstrong, wọ́n sọ ọ́. Obìnrin tó fún ọmọ ìyá ẹ̀ ní ohun tó mú un yè, ẹnu mélòó ló sọ tiẹ̀? Bẹ́ẹ̀, láìsí òun, kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí òkè. Ọmọ wa kan wà tí ń jẹ́ Seun Adebiyi, lọ́yà ni, Amẹ́ríkà ni irú àìsàn yìí ti kọlù ú. Aláwọ̀ dúdú tó forúkọ sílẹ̀ láti tọrẹ kéré débi pé wọn ò rí ẹni tó bá a mu. Nígbà tí wọ́n wá fi ọ̀nà mìíràn wò ó sàn, ó dá ìwé orúkọ àwọn olùtọrẹ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Enugu, lọ́dún 2012. Ta ló gbọ́ ọ nínú ilé yìí? Ẹ dákẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn àgbèrè ni, ẹ̀ bá ti mọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì.

Ìyá Alákàrà ní, “Ṣé ìwọ náà á wá gun kẹ̀kẹ́ ni?”

Èmi kẹ̀? Orúnkún tí mo fi ń sáré wá gbọ́ ìjà yín lóru ò gbé òkè. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ń bẹ. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, àdúgbò yìí á ti gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa fi mùdùnmúdùn tọrẹ. Wọn á sì gbọ́ ọkùnrin tó ní òun ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, tó sì jẹ́ pé òun àti abẹ́rẹ́ ni wọ́n jọ ń jẹun. Bàbá Tẹlọ, ẹ jókòó, mi ò tíì dárúkọ ẹnì kankan.