Ògiri Tí Kò Lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni wọ́n ń sọ: bí ará ilé kò bá tú àṣírí, ará òde kò ní rí ojú ihò kankan gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ayé ti dayé bíríkìlà. Aládùúgbò mi kan ní Ìlaròó gbọ́ òwe yìí, ó gbà á bí ẹni gba pláànù ilé. Ó lọ ra símẹ́ńtì.

Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, torí ó jù mí lọ dáadáa. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní ariwo Èkó ti tó òun, àlàáfíà lòun wá wá sílé. Igi máńgòrò tí bàbá rẹ̀ gbìn ló kọ́kọ́ gé. Ẹ̀ṣẹ̀ igi náà ni pé àdán ń wá jẹun níbẹ̀ lóru, òwìwí sì ti ké lórí rẹ̀ rí. Lẹ́ẹ̀kan péré o. Lẹ́yìn náà ló to íńtálọ́ọ̀kì sí àgbàlá láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, ó mọ fẹ́ǹsì gàgàrà, ó to àfọ́kù ìgò sí i lórí. Ibikíbi tí ògiri bá ti fẹ́ yanu, ẹ̀gbọ́n á fi símẹ́ńtì dí i lẹ́nu. Àwọn aláǹgbá kó ẹrù wọn, wọ́n ṣí wá sọ́dọ̀ mi.

Símẹ́ńtì yẹn gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ Yewa wa níbí ni ilé iṣẹ́ Dangote ti ń ṣe é, ní Ibese, láti ọdún 2012. Òkúta tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi wà nínú rẹ̀, láti ìgbà tí òkun ṣì bo ibi tí à ń pè ní oko lónìí. Òkú ẹran la wá fi ń lé ààyè ẹran jáde nílé.

Ilé alámọ̀ ni ìyá ìyá mi gbé ní Ayétòrò, ògiri rẹ̀ sì lanu bí ẹni ń yán. Àmù wà ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó máa ń làágùn, omi á máa ro tó, tó, tó sí ìdí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọ́ kan fi ṣe ibùgbé. Bí àwa ọmọdé bá gbé ìgbálẹ̀ láti lé e, màmá á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Kí ló jẹ yín?" Tó bá di alẹ́, a óò dọ̀bálẹ̀, a óò gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Ìjàlọ kan á máa gba ẹ̀gbẹ́ àmù bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà la ó wò, a ò ní rí ìjàlọ mọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ á di ojú méjèèjì pàá, ojú náà á rì wọnú orí bí ẹni ń gbé ògì gbígbóná mì, lẹ́yìn náà ni yóò tún là á, bí ẹni pé òun kọ́. Pèrègún ni fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé. Ìbẹ́pẹ tó bá pọ́n lókè téńté, màmá ní ti ẹyẹ ni, ọ̀pá wa ò kúkú tó o.

Èdè wa pàápàá ti ka àwọn ẹ̀dá kan mọ́ ará ilé. Ẹyẹ tó ń bá wa gbé, ẹyẹlé. Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ àjà, ọmọ́nilé. Ọmọ onílé fúnra rẹ̀! Òun náà là ń fi sálúbàtà lé kiri, tí à ń pariwo pé ó lóró, pé ayé ló rán an sí wa. Kò ní oró kankan lẹ́nu. Ẹ̀fọn àti àfòpiná tó bá wá yọ́ nídìí gílóòbù ló ń ṣọ́.

Ẹ̀gbọ́n lé ọmọ onílé, àlejò sì dé. Omi òjò kò rí ilẹ̀ wọ̀ mọ́, ó dúró sí gọ́tà, ẹ̀fọn rí ibi yé sí. Bí a bá pín gbogbo ibà tó ń ṣe ènìyàn lágbàáyé sọ́nà mẹ́rin, nǹkan bí ìpín kan ló wà ní Nàìjíríà; ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wá oògùn apakòkòrò dichlorvos onígò kékeré lọ, irú 100ml tí NAFDAC fòfin dè ní ọdún 2019, ó sì rí i rà. Ó fín in sí yàrá, pálọ̀ àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lóru ọjọ́ náà, inú mọ́tò ló sùn.

Àwa ará Yewa tí à ń gbé lẹ́bàá bodè ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ògiri yé jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé, wọ́n fa ìlà: Kétu bọ́ sí ọ̀hún, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ìhín. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, àádóje ọdún géérégé, ìjọba àpapọ̀ ti bodè pa, bodè Ìdírókò ò sì gbàṣẹ láti ṣí títí di 2022. Àbí ìrẹsì tó ń gba bodè wọlé dúró? Orúkọ tí a sọ òwò náà ti tó: fàyàwọ́. Ìrìn aláǹgbá ni. Ẹ̀gbọ́n mọ gbogbo èyí, ìrẹsì ọ̀hún ló ń jẹ, síbẹ̀ ó gbà pé fẹ́ǹsì tòun kò ní lẹ́nu.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ẹranko o. Ó fẹ́ràn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dé góńgó, ó sì máa ń rán mi létí pé UNESCO ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé láti ọdún 2001. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan wà ní pálọ̀ rẹ̀: ẹyẹ ń bá ejò jà lórí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń nu eruku ara wọn. Ó tún ra koríko oníke, ó tẹ́ ẹ sí ibi tí ìdí máńgòrò wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n yà wá. Ó ní ilé ti dákẹ́ jù, oorun ò kun òun mọ́. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ti fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́: ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wákàtí mẹ́jọ gbáko, ẹyẹ òyìnbó.

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́," ni mo wí, "ẹ̀ga ń ké lórí ọ̀pẹ mi níbẹ̀ yẹn, ọ̀fẹ́ ni."

"Ariwo nìyẹn," ó ní. "Àlàáfíà lèyí."

Bí a ṣe jáde sí àgbàlá ni mo rí i. Ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì ti là, ìlà tín-ín-rín, láti ìdí rẹ̀ dé ibi orúnkún. Akọ aláǹgbá olórí pupa kan yọjú níbẹ̀, ó wo koríko oníke, ó wo àwa méjèèjì, ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n ti ń wá nọ́ńbà bíríkìlà lórí fóònù. Ẹyẹ òyìnbó ṣì ń ké nínú rẹ̀.