Etíkun Tí Mo Lọ Wá ní Ìfọ̀

Kò sí òkè etíkun ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọ mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo sì ní kó lọ fọ abọ́. Bí ènìyàn bá gbéra ní Mowe, tó gba Sàgámù àti Ìjẹ̀bú Òde kọjá lọ sí ìhà Abigi ní Ogun Waterside, níbi tí ìpínlẹ̀ wa ti fẹnu kan òkun, iyanrìn ni yóò bá, àti ẹrẹ̀, àti ọ̀sà. Láti Àgbádárìgì lọ sí Lẹ́kí títí dé ilẹ̀ àwọn Ìlàjẹ, bákan náà ni: ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, òkun ń wá, òkun ń lọ, kò sí ohun tó dí i lọ́nà. Àpáta gidi di Abẹ́òkúta. Gbogbo èyí yé mi yékéyéké báyìí. Nígbà tí mò ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé àdúgbò wa fún ìrìn afẹ́ lórí òkè etíkun, kò yé mi.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ìlú Ọba ló dá a sílẹ̀. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí: òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rìn lórí Seven Sisters ní Sussex, òkè funfun báláú tó dúró ṣánṣán lórí omi, koríko tútù lókè, òkun aró nísàlẹ̀. Ó ní àwọn rìn dé Beachy Head, tó ga tó mítà 162, àwọn sì jẹ áísìkiriìmù nígbà tí àwọn parí rẹ̀. Gbogbo ẹbí ń kan sáárá sí i. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fọ́tò tí mo fi síbẹ̀ gbẹ̀yìn ni ti jẹnẹrétọ̀ wa tó jóná. Ó ká mi lára. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwa náà yóò rin tiwa láìpẹ́, pé ìpínlẹ̀ Ògùn kò kẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi fèsì pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀ o, Bọ̀ọ̀dá mi. Níbo ni?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwọn onílé, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gọ́tà àti ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́dẹ. Mo ní iṣẹ́ Èkó ti gbẹ wá tán, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà ti sọ wá di arúgbó, ẹ jẹ́ ká lọ fẹsẹ̀ rìn. Alága béèrè pé níbo. Mo ní òkè etíkun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè pé etíkun wo, nítorí pé oúnjẹ wà nínú owó tí mo ní kí wọ́n dá, oúnjẹ yẹn ló sì gba ọkàn wọn. Àwọn kan ní Ìbàfò gbọ́, àwọn náà mú tiwọn wá. Báyìí ni mo ṣe gba owó lórí òkè tí n kò tíì mọ ibi tó wà.

Bàbá kan wà lẹ́yìn ilé wa, tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo sá lọ. Bàbá ní bó bá jẹ́ pé òkè tí òkun dá ni mò ń wá, kí n kẹ̀yìn sí òkun, kí n kọrí sí Ewékorò, lẹ́yìn Ìfọ̀. Wọ́n ní òkúta ẹfun tí wọ́n ti ń wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1960 láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, ìsàlẹ̀ òkun ló jẹ́ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Òkun gòkè wọ ilẹ̀ nígbà náà, ó bo apá ibi tí à ń pè ní Ìfọ̀ àti Pápáláńtó lónìí. Àwọn ẹ̀dá inú omi ń kú, ìkarahun wọn ń rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n ń gorí ara wọn títí wọ́n fi di òkúta. Nígbà tí omi fà sẹ́yìn, amọ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ pupa bò ó mọ́lẹ̀. Ní 1964 tí Jones àti Hockey kọ̀wé lórí ilẹ̀ àti òkúta apá ìhà wa, orúkọ Ewékorò ni wọ́n fi sọ ọ́, orúkọ yẹn náà ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé fi ń pè é dòní. Kòtò tí wọ́n wà síbẹ̀ jìn, ògiri rẹ̀ sì ga.

"Ti Sussex ńkọ́, sà?"

"Ẹfun náà ni. Àmọ́ tiwọn lé ní mílíọ̀nù 80 ọdún. Ẹ̀gbọ́n ni tiwọn, àbúrò ni tìrẹ."

Ìyẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Síbẹ̀, mo ti rí òkè. Bàbá ṣì ń wí pé, "Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó yẹ kí o kọ́kọ́..." mo ti dọ̀bálẹ̀, mo ti dúpẹ́, mo ti dé ẹnu géètì.

Mo jókòó ti fóònù mi. Mo rí i pé Mowe àti Ìfọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan ṣoṣo, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn, àárín wọn kò sì tó kìlómítà 30. Kí ló wá dé tí gbogbo ènìyàn ń gba Berger àti Sàngó Ọ̀tà lọ sí Ìfọ̀? Mo gbà pé wọn kò ronú ni. Mo fa ìlà tààrà: Mowe, Ọ̀fàdà, Mòkólòkí, Ìfọ̀, ká sùn síbẹ̀ lọ́dọ̀ àna Alága, ká wá kọrí sí Ewékorò lọ́jọ́ kejì. Mo rí ohun aró tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba àárín ìlà mi kọjá. Mo wò ó dáadáa, mo tilẹ̀ wọ awò, mo sì pinnu pé ààlà ìjọba ìbílẹ̀ ni.

Oṣù Ọ̀wàrà la gbéra. Ẹ fi ojú inú wo àwọn tí mo kó lẹ́yìn: Alága wọ bàtà aláwọ dúdú tó fi ń lọ sí òde ìsìnkú, ìyàwó mi gbé kúlà, obìnrin kan láti Ìbàfò fi gèlè wé orí nítorí fọ́tò. A kọrin títí a fi dé Ọ̀fàdà, ibẹ̀ ni orin sì ti dákẹ́. Ìyá kan ti ń yọ epo lórí iná, èéfín ti gba ojú ọ̀nà, òórùn irú wọ̀rọ̀ dìde, ata tútù bọ́ sínú epo, ó dún ṣàá. Ó ṣí ìkòkò ìrẹsì, ó bù ú sínú ewé eéran, ooru mú kí ewé náà yí padà lójú wa, ó rọ̀, ó ṣókùnkùn. Ó wá da ọbẹ̀ lé e, pẹ̀lú pọ̀nmọ́ àti ẹyin. Oúnjẹ tí a gbé wá nínú kúlà ń bẹ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dìde, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Oòrùn ti wà ní àárín orí kí Alága tó so okùn bàtà rẹ̀ padà. Ká ní mo gbọ́n, ká ti ibẹ̀ yẹn padà sílé, a ò bá máa fi ìrìn yẹn yangàn títí di òní.

Lẹ́yìn Mòkólòkí ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, koríko ń ga, bàtà òde ìsìnkú ń dún pọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ parí. Omi ló kù, omi pupa tó fẹ̀, tó ń yára lọ, tó ń gbé igi wẹ́wẹ́ lórí. Ọkùnrin kan jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tú àwọ̀n.

"Ẹ kú ìrìn o. Ibo lẹ dorí kọ?"

"Ìfọ̀," ni mo wí, mo sì fi ọwọ́ nà án.

Ó wo bàtà Alága, ó wo gèlè. "Ìfọ̀ wà lọ́hùn-ún lóòótọ́. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

Alága yí ojú sí mi. "Odò wo nìyí?"

Ọkùnrin náà ló dá a lóhùn: "Odò Ògùn ni, Bàbá."

Odò tí orúkọ rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́. Odò tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń ná láàárín Èkó àti Abẹ́òkúta kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Àwọn Òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896 kò ní fóònù, síbẹ̀ wọ́n fi odò yìí sí ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n gba Agége àti Ìfọ̀ lọ jẹ́jẹ́ wọn, ó di Abẹ́òkúta kí wọ́n tó gun afárá. Èyí tó wá burú jù ni pé mo mọ odò náà. Mò ń gba orí rẹ̀ kọjá ní Kárà ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, mò ń pòṣé sí àwọn màlúù, mò ń bú àwọn onídánfó, ojú mi kò sì wo ìsàlẹ̀ afárá rí. Òjò oṣù Ọ̀wàrà ló tún kún un báyìí, lórí omi tí wọ́n máa ń tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán lókè lọ́hùn-ún, tó ti wà níbẹ̀ láti 1983. Gbogbo ará Ìṣẹ̀rì àti Àkúté ló mọ oṣù tí odò yìí máa ń jáde. Oṣù yẹn gan-an ni mo mú.

Ó yẹ kí n bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní ká wọ ọkọ̀. Kí n lè fi hàn pé kò sí ewu, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀, mo gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò. Ọkọ̀ sún síwájú, ẹsẹ̀ kejì kò tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà dì mí ní bẹ́líìtì mú. Kò rí fóònù dì mú. Máàpù mi lọ bá ààlà ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ nínú omi.

Ìyàwó mi kò pariwo. Ó ní, "Olówó orí mi, ṣé ká máa lọ sílé?" Ẹni tó bá ti níyàwó mọ̀ pé ariwo sàn ju ìyẹn lọ.

Àwa tí ojú kò tì tó tún lọ sí Ewékorò lọ́jọ́ mìíràn, a wọkọ̀ gba Ìbàfò, Kárà, Berger, Sàngó àti Ìfọ̀. Ní Kárà, gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sísàlẹ̀ fún mi: "Ẹ wò ó o, ààlà nìyẹn!" Nígbà tí a dé ẹnu géètì ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta, ọlọ́dẹ béèrè ìwé.

"Ìwé wo?"

"Èyí tí ẹ kọ, tí wọ́n fi gbà kí ẹ wá. Àdó ni wọ́n fi ń fọ́ òkúta níbí, sà. A kì í ṣàdédé jẹ́ kí ènìyàn wọlé."

Mo wá mọ nǹkan kan tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe, tí Bàbá tíṣà fẹ́ sọ.

A kò rí òkè. A rí tírélà, a rí eruku. Ìyá alákàrà kan wà lójú títì, ó fi òkúta kan tẹ ọ̀rá tó fi bo àkàrà mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan òkúta náà ti mu epo, ó ti pọ́n. Èkejì funfun, ó ní àwọ̀ eérú díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: ìkarahun kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó yí roboto wọ inú ara rẹ̀, eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́ pé síbẹ̀. Mo fi ìka kàn án, ó gún mi. Mo bi ìyá náà pé eélòó ni. Ó ní kí n ra àkàrà ná. Mo ra àkàrà títí, kò ta òkúta rẹ̀ fún mi. Ó ní afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ níbẹ̀.

Fóònù ìyàwó mi la fi yà á. Àbúrò mi fèsì láti Ìlú Ọba: "Ó rẹwà o. Òkè náà ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá mi?" N kò tíì dá a lóhùn.

Owó tó ṣẹ́kù nínú èyí tí wọ́n dá, ìpàdé ní kí a fi ra àpò sìmẹ́ńtì, kí a fi tún ẹnu gọ́tà wa ṣe. Mo dìde láti ṣàlàyé fún wọn pé ìkarahun òkun ni wọ́n fẹ́ dà sínú gọ́tà yẹn, pé a lè sọ pé etíkun náà ti bá wa dé Mowe. Alága ní kí n fi àlàyé sílẹ̀, kí n lọ gbé àpò kejì wá.