Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Ka Ẹ̀fọn Inú Igbó

Ìwọ tó fẹ́ mọ oríṣiríṣi ẹ̀fọn tó ń jẹni nínú igbó Zika, lẹ́bàá Entebbe ní Ùgáńdà, jókòó kí n kọ́ ọ.

1. Ọ̀sán gangan ni kí o lọ, kí oúnjẹ má baà tutù dè ọ́ nílé. Òru ni Anopheles tó ń gbé ibà kiri máa ń jẹni. Kété tí oòrùn bá wọ̀ ni Aedes africanus ń dìde. Èwo ló kàn ọ́? Ẹ̀fọn tó bá gbọ́n yóò wá bá ọ lákòókò iṣẹ́.

2. Má gun nǹkan kan. Wọ́n gbé ilé ìṣọ́ onírin kan síbẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 120, kí wọ́n lè mọ ẹ̀fọn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Orí pèpéle lára igi ni ọ̀bọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì Zika wà lọ́dún 1947. Òkè igi náà ni wọ́n ti mú ẹ̀fọn tí wọ́n tún ti rí i lọ́dún 1948. Ìyẹn tiwọn. Ẹni tí kò gun igi, ibo ni yóò ti já bọ́?

3. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń so yìnyín gbígbẹ mọ́ páńpẹ́ oníná, kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè tan ẹ̀fọn bí ẹni pé ènìyàn ló ń mí. Ìwọ, gbé tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ṣebí èéfín ni gbogbo wọn.

4. Èyí tó bá bà lé ọ, gbá a pàá! Ìpẹ́ wínníwínní ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá ẹ̀yà kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, àmọ́ bí o bá ti lẹ̀ wọ́n mọ́ awọ tán, gbogbo wọn á dọ́gba. Iṣẹ́ dínkù nìyẹn.

5. Èyí tó tóbi tó ń dán, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni olórí apànìyàn. Toxorhynchites ni: omi òdòdó ló ń mu, kì í mu ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ inú omi sì ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn mìíràn. Kò lè pè ọ́ lẹ́jọ́.

6. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú? Fi í sílẹ̀ fún ojo.

7. Má kọ ọjọ́, wákàtí tàbí ibi gíga tí o ti mú wọn. Da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò kan, kí o wá kọ ìròyìn rẹ: “Oríṣi ẹ̀fọn kan ló wà níbí: èyí tó fọ́.” Bí àrùn bá ti orí igi sọ̀ kalẹ̀ lọ́la, kò sẹ́ni tó máa lè bú ọ pé o mọ̀, o ò sọ.